Èjìká Òsì Ààrò Ẹ̀yìnkùlé

Má jókòó. Mo ní má jókòó, Adúmáadán, dúró síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹsẹ̀ máa ro ọ́ díẹ̀, ṣebí èmi náà dúró lánàá láti ìgbà tí àwọn àlejò ti ń jẹun títí wọ́n fi lọ, kò sì sẹ́ni tó kú. Gbé àpò iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa jí i gbé. Ẹ kú àbọ̀ kẹ̀? Ìkíni kọ́ ló wà láàárín àwa méjèèjì láàárọ̀ yìí. Wo ààrò yẹn. Mo ní kí o wò ó dáadáa, kí o sọ ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe fún mi.

O gbọ́ pé ìwọ ni mo pè ọ́. O gbọ́ ọ dáadáa, ojú rẹ ti yí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti mú mi wọ ilé yìí, ẹ̀yin ni mò ń pè ọ́, èmi tí mo jù ọ́ lọ, nítorí pé mo bá ọ nílé ni, àbúrò ọkọ ni ọ́, ọkọ lo jẹ́ fún mi, mi ò lè la orúkọ mọ́ ọ lórí. Èmi ni mo wo dídú rẹ tó ń dán, tí mo sọ ọ́ ní Adúmáadán, gbogbo àdúgbò wá gbà á lẹ́nu mi, títí kan ìyàwó rẹ. Kò sí ọjọ́ tí mo fi ìwọ pè ọ́. Kódà lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ, tí orí mi ò pé, tí mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mò ń pè ọ́. Lónìí, ìwọ ni. Bó bá dùn ọ́, kò burú, ó ti dun èmi ṣáájú.

Kí ni mo ṣe fún ọmọ mi o? Ó ní kí n lọ sinmi lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pé àwọn àna òun ń bọ̀, àwọn òbí ọmọbìnrin tí òun fẹ́ fẹ́, ẹ̀yìnkùlé lòun sì ti fẹ́ ṣe wọ́n lálejò, òun fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀. Díẹ̀ ló pè é. Mo rò pé ó fẹ́ kun ògiri ni. Mo kó aṣọ mi, mo lọ. Ẹ̀yìn mi ló lọ gbé obìnrin ọlọ́ṣọ̀ọ́ yẹn wá, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa wọ ilé onílé kó máa sọ fún wọn pé ilé wọn ò dáa tó. Obìnrin náà ní ààrò yẹn yẹ kó jọ ti àwọn ará òkè, apá ibi tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti wá, kó rí bí ti àwọn bàbá ńlá, kó ní ìrísí abúlé.

Abúlé. Èmi tí wọ́n bí sí abúlé, tí mo fẹ́ná títí ojú mi fi ń ṣomi, wọ́n lọ ra abúlé wá fún mi. Lánàá tí mo dé, wọ́n ti lẹ òkúta pẹlẹbẹ mọ́ ojú ààrò, òkúta tó fẹ́lẹ́ bíi bisikíìtì. Wọ́n gbé ìtì igi kan lé e lórí, mo ní igi yìí mà ti gbó o, ọmọ mi ní rárá, Màmá, tuntun ni, wọ́n fi iná jó o lójú kó lè dà bí ògbólógbòó ni. Wọ́n gbé àgbá onígi kan kọ́ sára ògiri, irú èyí tó máa ń wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù láyé ọjọ́un. Wọ́n to fìtílà síbẹ̀, bátìrì ló wà nínú wọn. Ìkòkò amọ̀ kan, mo ṣí i, òdòdó gbígbẹ ni mo bá nínú ẹ̀, wọ́n ní n má gbé e kaná o, pé yóò fọ́. Igi ìdáná nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ní n má fi dáná o, wíwò ni. Ìkòkò wíwò, igi wíwò, fìtílà wíwò. Mo ní ó dáa, ṣé oúnjẹ tiẹ̀ wà, àbí ìyẹn náà, wíwò ni?

Mo rẹ́rìn-ín. Má rò pé mo di òṣónú. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo gbàdúrà fún ọmọ mi, torí pé ìfẹ́ ló fi ṣe é, ó dúró níwájú mi tó ń wo ojú mi bí ìgbà tó ṣì kéré tó bá mú èsì ìdánwò wálé. Wọ́n ti ha gbogbo dúdú iná kúrò lójú ààrò, dúdú tí iná èmi àti ọkọ mi fi síbẹ̀ láti ọdún yìí wá, ìyẹn dùn mí díẹ̀, mo gbé e mì. Mo ní èéfín á tún un kùn. Òkúta yẹn ò dùn mí. Àgbá kẹ̀kẹ́ ò dùn mí, ẹni tó bá wù kó máa wò ó kó máa wò ó.

Àwọn àna ti jókòó. Ìyá ọmọbìnrin náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí, ó ní Màmá, ẹ ti ń dìde jù, ẹ wá jókòó tì wá. Mo gbé àwo mi. Mi ò wo ẹ̀yìn. Ta ló ń wo ẹ̀yìn kó tó jókòó nínú ilé ara ẹ̀? Mo fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi èjìká òsì ààrò, pèpéle tí ọkọ mi mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ibi tí mo ti ń jókòó láti ọjọ́ tí ilé yìí ti ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, mo fi ìdí lé e, kò sí níbẹ̀. Adúmáadán, kò sí níbẹ̀. Mo ń lọ sílẹ̀, mo ṣì ń wá a. Ẹsẹ̀ mi tí kì í ká nà gbọọrọ síwájú, aṣọ mi ká dé itan lójú àna ọmọ mi, oúnjẹ dà sí mi láyà, orí ìgbọ̀nwọ́ ni mo balẹ̀. Bàbá ìyàwó ló gbé mi dìde. Ọkùnrin tí mi ò rí rí ló ki ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá mi, tó gbé mi dìde nínú ilé ọkọ mi.

Wọ́n ní pẹ̀lẹ́ o, Màmá, ara àgbà ni. Ẹnì kan ní ara àgbà ni, gbogbo wọn gbà á. Wọ́n gbé àga oníke kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí n wá fara balẹ̀ síbẹ̀, kí iná má baà rà mí, ìwọ náà sì mọ àga yẹn, bí mo bá wọ inú ẹ̀, ta ló tún máa gbé mi jáde? Bàbá ìyàwó yẹn náà? Mo ní ìdúró wù mí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá béèrè ọ̀nà. Ọmọ mi wá bá mi, ó rọra sọ fún mi létí, kò pariwo, kò rí mi fín, ó ní Màmá, láti ìsinsìnyí, ẹ má sún mọ́ iná yẹn mọ́, ẹ jẹ́ kí àwa máa dá a. Ṣé o gbọ́? Wọ́n ti lé mi kúrò nídìí iná ọkọ mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo pe ọmọ mi. Mo ní ta ló gé èjìká ààrò yẹn. Mo ti múra láti bá obìnrin ọlọ́ṣọ̀ọ́ jà, mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ dè é. Ọmọ mi ní Màmá, obìnrin yẹn kọ́. Ó ní obìnrin yẹn tiẹ̀ fẹ́ràn bó ṣe wọ́, tí òsì ga ju ọ̀tún lọ, pé ó ní wíwọ́ yẹn gan-an ló máa jẹ́ kó jọ ti abúlé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní àbúrò Bàbá ló yarí. Ìwọ. Ó ní o gbé irin tẹ́ ẹ fi ń wo bí nǹkan bá tẹ́jú lé e, o wo omi inú ẹ̀, o mirí, o ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, pé o ò ní jẹ́ kí àwọn àna wá bá àṣìṣe ẹ̀gbọ́n rẹ nílẹ̀. O gé e. O gé e bá ti ọ̀tún dọ́gba, o fi òkúta bò ó, o nu ọwọ́, o lọ sílé rẹ. Obìnrin tí kò mọ̀ wá rí ló fẹ́ dá a sí. Ará ilé ló gé e.

Àṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa ń tú odidi ògiri palẹ̀ nítorí pé búlọ́ọ̀kù kan yọ imú, òun ló máa ṣàṣìṣe nínú ilé ara ẹ̀, tó máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó máa máa wò ó láràárọ̀ títí ó fi kú? Ìwọ tó kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà lọ́wọ́ ẹ̀, òun tó máa ń ní kó o tún iṣẹ́ ṣe nítorí ohun tí ojú èèyàn ò lè rí, o ò bi ara rẹ léèrè? O rí mi tí mò ń jókòó síbẹ̀. Ojú rẹ ò rí mi níbẹ̀? Àbí ojú iṣẹ́ nìkan lo ní, o ò ní ojú èèyàn?

Jẹ́ kí n sọ ọ́, bó o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ mi yìí, kékeré ni mo wà tó ti ṣẹ́, ẹni tó tò ó ò tò ó re, orúnkún gan, kò ká mọ́. Ohunkóhun tó bá rẹlẹ̀ ń fìyà jẹ mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé yìí, ìdúró ni mo fi ń dáná, màá tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ìyàwó tuntun, mi ò ní sọ. Ọkọ mi ń wò. Lọ́jọ́ tó fẹ́ mọ ààrò yẹn, ó mú okùn iṣẹ́ ẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n fara ti ògiri kí n dúró ṣánṣán. Ó fi okùn lé gìgísẹ̀ mi, ó fà á wá sí ìbàdí, ó ta á ní kókó. Mo ní ṣé ẹ fẹ́ di télọ̀ ni?  Ó jáde, ó mọ èjìká òsì ga dé ibi tí kókó okùn yẹn wí, ó mọ ti ọ̀tún bí gbogbo ayé ṣe ń mọ ọ́n. Nígbà tó gbẹ, ó ní kí n wá. Mo fi ìdí tì í, ẹsẹ̀ mi nà, ara mi balẹ̀, ọwọ́ mi tó ìkòkò, mo jókòó láìdi ẹnikẹ́ni mú, mo dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. Mo sunkún. Ó ní kí n dákẹ́, pé eruku sìmẹ́ǹtì ló wọ̀ mí lójú.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n sọ fún ayé. Ó ní rárá. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀, ìjókòó arọ ni wọ́n máa pè é, gbogbo ẹni tó bá sì wọ ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n pe òun ní bíríkìlà tí ọwọ́ ẹ̀ yẹ̀. Wọ́n sì pè é. Ìwọ náà gbọ́ ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ á ní Ọ̀gá, ààrò yín mà gbé èjìká kan sókè bí ẹni fẹ́ jà. Oníbàárà kan tiẹ̀ rí i, kò gbé iṣẹ́ ilé ẹ̀ fún un mọ́. Á rẹ́rìn-ín, gbólóhùn kan náà ni, ọwọ́ mi ló yẹ̀. Èmi á jókòó lórí ọwọ́ tó yẹ̀ yẹn, màá máa ro ọbẹ̀, màá fẹ́ lanu, á wò mí báyìí, màá pa ẹnu dé.

Ìwọ sì wà ńbẹ̀. O ti kọ́ṣẹ́ yanjú nígbà náà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ṣiṣẹ́. O rí i tó mú okùn wọlé, o rí i tó mú okùn jáde pẹ̀lú kókó. Kí lo rò pé ó lọ wọ̀n nínú yàrá? Ẹnu rẹ dà? Lọ́jọ́ tó o ń pòwe fún ọmọ mi, ẹnu rẹ ò wúwo. Dá mi lóhùn.

Kí lo wí?

Tún un wí. Fèrèsé. Ó ní fèrèsé yàrá lòun lọ wọ̀n.

Ìwọ náà bi í? O bi í lójúkojú, nígbà tó gbẹ tán, o ní ẹ̀gbọ́n, òsì ga ju ọ̀tún lọ, ẹ jẹ́ ká wó o ká tún un mọ, ó sì wò ọ́, ó ní ọwọ́ òun ló yẹ̀? Ìwọ, ọmọ ìyá ẹ̀? Wò mí lójú. Mo ní kí o wò mí. O ò purọ́. Bó o bá ń purọ́, ilẹ̀ lo máa ń wò, mo mọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọdún yẹn, èmi tí mò ń jókòó síbẹ̀, kí lo wá rò? O rò pé mo kàn ń fara mọ́ ọn ni. O rò pé mò ń jókòó lórí àṣìṣe ọkọ mi kó má baà tì í lójú.

Ta lo bá jà? Nígbà wo? Ọjọ́ tí ètè rẹ wú, tó o ní àkàbà ló gbá ọ. Nítorí ààrò yìí ni? Ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ, o sì fi ẹ̀ṣẹ́ dá a lóhùn, o ò sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. O wá ń dúró. O dúró títí ó fi kú, o ní bí àyè bá yọ, wàá tún un ṣe, kí orúkọ ẹ̀ lè sinmi. Ohun tó o ṣe nìyẹn. Kì í ṣe pé o ò ka iṣẹ́ ẹ̀ sí. Hàà. Adúmáadán.

Jẹ́ kí n fara ti nǹkan. Rárá, má gbé àga wá, kí ni mo fẹ́ fi àga ṣe.

Mo ti fi gbogbo òru bínú sí ọ. Mo ní ọmọ mi ò mọ̀, obìnrin ọlọ́ṣọ̀ọ́ ò mọ̀, ìwọ mọ̀. Gbogbo ìbínú mi, orí ìyẹn ni mo kọ́ ọ lé. Kò sọ fún ọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pa àṣírí mi mọ́ débi pé ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ jù lọ láyé ló gbé òòlù tó wó o. Ta ni mo wá fẹ́ bá jà báyìí? Òun? Ṣé kí n lọ dúró sórí sàréè kí n ní ẹ mọ nǹkan fi pa mọ́ jù? Èmi nìkan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò ṣàṣìṣe. Bí mo bá kú lánàá tí mo ṣubú yẹn, ó ti tán nìyẹn, bíríkìlà tí ọwọ́ ẹ̀ yẹ̀ ló máa jẹ́ títí láé. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa méjèèjì la dákẹ́. Adùn ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí a jẹ́ méjì.

Fi mí sílẹ̀ kí n sunkún. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe eruku sìmẹ́ǹtì. Ìwọ náà ńkọ́, kí ló wọ̀ ọ́ lójú? Ọkùnrin tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun, tó dúró sẹ́yìnkùlé tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ti tó. Mo ní ó ti tó.

Kí lò ń wá nínú àpò yẹn? Mi ò fẹ́ aṣọ ìnujú.

Ibo lo ti rí okùn yẹn?

Àpò ẹ̀gbọ́n rẹ ni, bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ni mo gbé e fún ọ lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò lè wo inú ẹ̀, mo ní kí o máa lò ó. Okùn yẹn ló fi wọ̀n mí. Wo kókó náà, Ọlọ́run mi, ó ti dúdú. O ní o ti fẹ́ tú u tú u, ó kọ̀? O fi eyín fà á? Ọlọ́run ló ṣe é tí eyín rẹ ò mú. Ó ń dí ọ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, o ò sì gé e. Kí ló dé tó ò gé e? O ò mọ̀. Ó dáa, èmi náà ò mọ̀. Gbé e wá kí n dì í mú díẹ̀.

Ó dáa.

Ẹ wá. Mo ní ẹ wá, ẹ gbọ́ ohun tí mo pè yín, inú ti rọ̀. Mo ti fara ti ògiri, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìdí okùn yẹn lé gìgísẹ̀ mi. Ẹ̀yin ẹ di ìsàlẹ̀ mú, èmi á di òkè mú fúnra mi. Ẹ fà á kó le. Ṣé ó tọ́? Ẹ wá wo kókó. Ó ti ga jù mí lọ. Ẹ ò rí i, ó ti kọjá ìbàdí mi, mo ti ń kúrú lọ, ẹni tí kò bá kúrú, kò dàgbà. Ẹ ta kókó mìíràn sí abẹ́ ẹ̀, ibi tí ìka mi wà yìí. Ẹ má tú ti ẹ̀gbọ́n yín o.

Òní yìí náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi òkúta wọn sílẹ̀ níwájú, ẹ fi àgbá kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀, ìyẹn ti ọmọ mi ni, èjìká òsì nìkan ni kí ẹ fún mi padà. Ẹ mọ ọ́n bó ṣe wà, ẹ mọ ọ́n dé kókó tuntun. Ọmọ mi á bínú, ẹ jẹ́ kó bínú. Mi ò ní sọ fún un, ẹ̀yin náà ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ fún un, mo ti mọ ohun tí dídákẹ́ fà, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn, mi ò ní fi ta ọrẹ, àwa méjì la tún ti mọ̀ ọ́n báyìí. Bí àwọn àna bá padà wá, bí bàbá ìyàwó yẹn bá wò ó, tó ní ta ni bíríkìlà tó mọ irú ààrò wíwọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ ní ọwọ́ yín ló yẹ̀.